Ọmọ Kún Ilé Ìtọ́jú, Owó Kò Sí ní Báńkì

  

Látijọ́, bí a bá gbọ́ pé ọmọ ìlú wa kan ní Houston dá iṣẹ́ ìlera sílẹ̀, a ti mọ ohun tó jẹ́: iṣẹ́ rírán nọ́ọ̀sì lọ sílé àwọn àgbàlagbà ni, tàbí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí kò lè dá gbé. Nísinsìnyí, ilé ìtọ́jú ìhùwàsí fún àwọn ọmọdé tó ní ọ́tísìmù ni ọ̀pọ̀ ń béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ wa, èyí tí wọ́n ń pè ní ABA. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Nígbà tó fi máa di 2019, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló ti ní òfin tàbí ìlànà kan tó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò, tí gbogbo wa ń pè ní ìnṣọ́ránsì, san owó ìtọ́jú ọ́tísìmù. Ní July 2014, ìjọba àpapọ̀ ti kọ̀wé sí àwọn ìpínlẹ̀ pé ojúṣe Medicaid ni láti pèsè ìtọ́jú tó yẹ fún ọmọ tó ní ọ́tísìmù tí kò tíì pé ọdún 21. Ní Texas níbí, February 1, 2022 ni Medicaid tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ABA. Bí owó bá ti ní ọ̀nà tó ń gbà wọlé, àwọn ènìyàn wa kì í pẹ́ débẹ̀.

Iṣẹ́ náà gan-an ni pé kí a fi sùúrù kọ́ ọmọ ní ohun tí ọmọ mìíràn ń kọ́ láìsí pé ẹnì kan jókòó tì í: láti béèrè ohun tó fẹ́, láti dúró de ìgbà tirẹ̀, láti lo ilé ìgbẹ́, láti jẹun láìfi orí gbá ògiri. Onímọ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí BCBA ló ń ṣe ètò ìtọ́jú. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti gba oyè másítà, ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá fún wákàtí 1,500 sí 2,000, ó sì ti yege ìdánwò. Ní Texas, ó tún gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní RBT ló ń jókòó ti ọmọ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń tẹ̀lé ètò náà.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n wa kan àti ìyàwó rẹ̀ dá irú ilé ìtọ́jú yìí sílẹ̀. A kò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ní kí a kọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà jìn sí kòtò kan náà. Ìyàwó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún 19. Ọkọ ń wa ọkọ̀ ẹrù. Owó àjọ tí wọ́n kó, owó tí wọ́n yá lórí ilé wọn, àti owó ìfẹ̀yìntì tí ìyàwó fà yọ ṣáájú àkókò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba BCBA kan síṣẹ́. Kí ọdún kan tó pé, ọmọ mẹ́wàá ti ń wá, orúkọ àwọn tó ń dúró de àyè sì wà lára ògiri.

A lọ kí wọn. A rí yàrá tí wọ́n kùn ní àwọ̀ mèremère, a ní, "Ẹ kú oríire o." Ẹ̀gbọ́n wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jókòó tán, ó ní, "Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má wo ariwo ọmọ yìí o. Owó òṣìṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò mọ ibi tí mo ti máa rí i." Ìyàwó rẹ̀ sì fi kún un pé, "Àwọn ará ilé ní Nàìjíríà rò pé a ti di olówó. Ojoojúmọ́ ni fóònù ń dún." Ohun tí a bá wọn wò fún irọ̀lẹ́ mẹ́ta, lórí tábìlì ìjẹun wọn, ni a fẹ́ kọ síbí.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣì mú ni ohun tí wọ́n ń tà. Wọ́n rò pé iye ọmọ ni. Wákàtí ni. Kí wákàtí kan tó di owó, adójútòfò gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i, ọmọ gbọ́dọ̀ wá, òṣìṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣe sílẹ̀, bíìlì gbọ́dọ̀ jáde lásìkò pẹ̀lú nọ́ńbà tó yẹ. Láti January 1, 2019 ni nọ́ńbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń lò báyìí ti bẹ̀rẹ̀: 97151 fún àyẹ̀wò àti ètò ìtọ́jú, 97153 fún iṣẹ́ RBT pẹ̀lú ọmọ kan, 97155 fún ìgbà tí BCBA fúnra rẹ̀ bá ń tún ètò ṣe pẹ̀lú ọmọ, 97156 fún ẹ̀kọ́ òbí. Ìṣẹ́jú 15 ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí bá ti kù, wákàtí náà lọ lófo, bẹ́ẹ̀ ẹ ti san owó òṣìṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀sẹ̀ kan tiwọn ṣírò. Ọmọ mẹ́wàá, wákàtí 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: àpapọ̀ 200 ni adójútòfò fọwọ́ sí. Nínú 200 yìí, 140 péré ni wọ́n ṣe. Nínú 140, wákàtí 10 kò ní àkọsílẹ̀, nítorí náà bíìlì 130 ló jáde. Nínú 130, wọ́n kọ 12 nítorí pé ìwé àṣẹ ọmọ kan ti parí. 118 ló di owó. Iye tí adójútòfò ń san fún wákàtí kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n kí ìṣirò lè rọrùn, a fi í sí $50. Owó tó yẹ kó wọlé jẹ́ $10,000. Èyí tó wọlé jẹ́ $5,900.

Wọ́n ń san $22 fún RBT ní wákàtí kan. Wákàtí 140 jẹ́ $3,080. Fi owó orí tí agbanisíṣẹ́ ń san kún un, ìyẹn 7.65% fún Social Security àti Medicare, ó di nǹkan bí $3,316. Ó ku $2,584. BCBA ń gba $1,600 lọ́sẹ̀, owó ilé jẹ́ $900. Ó ku $84. Owó iná, owó ìnṣọ́ránsì iṣẹ́, owó kọ̀ǹpútà àti bébà ìnudọ̀tí ọmọ kò tíì wọ inú rẹ̀. A kò ka bíìlì BCBA fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ó kéré nígbà náà, àwọn ìnáwó kéékèèké yẹn sì ń gbé e mì. Tọkọtaya náà kò gba kọ́bọ̀ kan.

Ẹ wá wo ohun tó dùn wá jù nínú ìṣirò yìí. Wákàtí 10 tí kò ní àkọsílẹ̀ àti 12 tí wọ́n kọ̀ jẹ́ 22. Òṣìṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n ti san owó fún wọn. Ọmọ ti jàǹfààní. $1,100 ló ń ṣòfò lọ́sẹ̀ kan lórí iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tán, láìsí pé wọ́n wá ọmọ tuntun kan. Ẹ̀gbọ́n wa sì ti fẹ́ lọ yá owó láti fi ṣí yàrá kejì kí ó lè gba ọmọ sí i. Agbè tó ń jò kọ́ ni à ń tọ́ka sí odò fún.

Àkọsílẹ̀ la kọ́kọ́ mú. Àwọn RBT máa ń kọ ọ́ sórí bébà pélébé, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ní Sátidé. Ní Sátidé, ta ló rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tuesday? Wọ́n yí i padà: òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kúrò nílé láìparí àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì ń san owó fún ìṣẹ́jú tó fi ń kọ ọ́, bóyá adójútòfò gbà kí a fi í sínú bíìlì ni o tàbí kò gbà. Lórí èyí, ìlànà wọn kò dọ́gba, àdéhùn tí ẹ bá fọwọ́ sí ni kí ẹ kà. Ní aago méje alẹ́, ìyàwó á wo kọ̀ǹpútà kó tó sùn. Iṣẹ́ tí kò bá ní àkọsílẹ̀, ó ti mọ ẹni tó máa pè láàárọ̀. Wákàtí àtijọ́ tí kò sí ẹni tó rántí mọ́ ńkọ́? A ní kí wọ́n jẹ́ kó lọ. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìwé àṣẹ ni ìkejì. Ó sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́fà. Ti ọmọ kan parí ní ọjọ́ Friday, kò sẹ́ni tó mọ̀, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn adójútòfò kì í sábà fọwọ́ sí ohun tó ti kọjá. Báyìí wọ́n ní kàlẹ́ńdà ńlá kan lára ògiri ọ́fíìsì: bí ó bá ku ọjọ́ 60, BCBA á bẹ̀rẹ̀ ìjábọ̀ tuntun, bí ó bá ku 30, ìwé gbọ́dọ̀ ti jáde. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìnṣọ́ránsì ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣì wà. Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, ẹ̀yin náà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwa nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ wa, a máa ń pààrọ̀ iṣẹ́ bí ẹní pààrọ̀ bàtà. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ iṣẹ́, tí káàdì ìnṣọ́ránsì yín sì yí padà, ẹ pe ilé ìtọ́jú ọmọ yín lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá dákẹ́, àṣẹ tuntun lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ yín ni yóò sì jókòó sílé.

Wákàtí 60 tí wọn kò ṣe rárá ló kù. Ẹ̀gbọ́n wa ti ní ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu: "Àwọn òbí yìí ni. Wọn kì í mú ọmọ wá." A ní kí á kà á. Ìwé àkọsílẹ̀ ìwáṣẹ́ wà níbẹ̀. Wákàtí 15 jẹ́ ti àìsàn ọmọ. Wákàtí 19 jẹ́ ti òbí, iṣẹ́ alẹ́ tàbí ọkọ̀ tó bàjẹ́. Wákàtí 26 jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ni kò wá tàbí pé kò sí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹnu ya àwọn méjèèjì.

Kí ló dé tí òṣìṣẹ́ kò fi dúró? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Bí ọmọ kò bá wá, wọ́n máa ń dá RBT padà sílé láìsanwó. Ọ̀dọ́bìnrin kan wakọ̀ fún ìṣẹ́jú 40 wá, wọ́n ní ọmọ kò wá, ó padà. Ó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù kan. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kò wá mọ́, òun náà kò sì pè. Láàárín oṣù méjì, mẹ́ta ló ti lọ. Wọ́n rò pé àwọn ń dá $44 sí fún wákàtí méjì. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó máa di RBT gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, kó parí ilé ẹ̀kọ́ girama, kó gba ẹ̀kọ́ wákàtí 40, kí wọ́n dán an wò lẹ́nu iṣẹ́, kó sì yege ìdánwò. Ẹ fi $22 ná 40: $880 ni owó ẹ̀kọ́ nìkan bí ẹ bá san án, kó tó fọwọ́ kan ọmọ kan. Ní gbogbo àkókò yẹn, wákàtí ọmọ kan ń ṣòfò, ọmọ náà sì ń gbàgbé ohun tó ti kọ́, torí ojú tuntun ló ń rí lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísìmù kì í fẹ́ràn ojú tuntun.

Wọ́n wá fún RBT kọ̀ọ̀kan ní iye wákàtí tó dájú lọ́sẹ̀. Bí ọmọ kò bá wá, iṣẹ́ wà: wọ́n á gé àwòrán, wọ́n á fọ nǹkan ìṣeré, wọ́n á ka ètò ọmọ mìíràn kí wọ́n lè rọ́pò lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn kò bá wá. Bí RBT bá ń ti ilé ọmọ kan lọ sí ti èkejì láàárín ọjọ́ iṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ka ìrìn náà sí iṣẹ́. Owó rẹ̀ kì í ṣe ojúrere. Ìlànà àwọn tó ń fún RBT ní ìwé ẹ̀rí tún ní kí ọ̀gá bójú tó ó ju 5% wákàtí tó ṣe lóṣù lọ tàbí kó pé 5% ó kéré tán. Ẹni tó bá ṣe wákàtí 100, márùn-ún nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ojú ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ onílé ìtọ́jú rí èyí bí ìnáwó. Lójú tiwa, òun ló ń mú òṣìṣẹ́ dúró, nítorí ọmọ ọdún 20 tí ọmọdé gé jẹ láàárọ̀ nílò ẹni tí yóò fi ohun tó kàn láti ṣe hàn án.

Ti àwọn òbí, sùúrù àti ìṣètò ni. Wọ́n béèrè ìgbà tí ìyá kọ̀ọ̀kan ń jáde níbi iṣẹ́ gan-an, wọ́n sì yí aago ọmọ mẹ́rin padà. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹnì kan ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí kò bá wá. Ẹ ṣọ́ra: ìlànà ìjọba kò gbà kí a gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lo Medicaid.

Nípa owó ìbẹ̀rẹ̀, a kò ní sọ púpọ̀. Kí adójútòfò tó gba ilé ìtọ́jú tuntun wọlé, ó lè tó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ẹ ó ṣiṣẹ́, ẹ ó fi bíìlì ránṣẹ́, ẹ ó tún dúró. Ẹ̀gbọ́n wa ti gba ilé ńlá kó tó rí lẹ́tà kan gbà. Oṣù márùn-ún ló fi san owó ilé lórí yàrá òfìfo. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí owó oṣù mẹ́fà wà nílẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ nínú ilé àwọn ọmọ níbi tí adójútòfò bá gbà á, kí ẹ tó lọ háyà ilé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó orí, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta. Owó orí tí ẹ yọ nínú owó òṣìṣẹ́ kì í ṣe tiyín. Ti ìjọba ni, ẹ kàn ń bá wọn gbé e dání ni. Nígbà tí nǹkan le, ẹ̀gbọ́n wa fi ti oṣù mẹ́ta san owó ilé. Ó ní òun máa dá a padà. Òfin fún IRS láyè láti gba gbogbo owó náà lọ́wọ́ ẹni tó ní àṣẹ lórí owó iṣẹ́ náà, láti inú àpò tirẹ̀, kódà bí ilé iṣẹ́ náà bá ti di títì pa. Oníṣirò owó ló bá wọn ṣe àdéhùn sísan díẹ̀díẹ̀. Báyìí àpótí báńkì ọ̀tọ̀ ni owó náà ń wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá sanwó. Àwọn kan tún ní kí a máa pe RBT ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, kí a fún un ní fọ́ọ̀mù 1099, kí ọ̀rọ̀ owó orí lè kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ aago tó máa dé, ọmọ tó máa tọ́jú àti bó ṣe máa ṣe é fún un, ó ṣòro láti bá ìjọba jiyàn pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín.

A ní a ó padà sórí wákàtí tí kò ní àkọsílẹ̀. Nígbà tí owó wọ́n, ìbátan kan tó mọ̀ nípa bíìlì ní, "Ẹ sáà kọ nǹkan kan sí i. Ta ló máa mọ̀?" Ó tún ní kí wọ́n kọ wákàtí mẹ́rin sílẹ̀ fún ọmọ tó bá sùn fún ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Indiana. Ní December 2024, ọ́fíìsì aṣàyẹ̀wò àgbà ti ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ gbé ìjábọ̀ jáde lórí owó ABA tí Medicaid ìpínlẹ̀ náà san ní 2019 àti 2020. Wọ́n ní ó kéré tán, $56 mílíọ̀nù ni wọ́n san lọ́nà tí kò tọ́. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí kò sí tàbí tí kò pé, òṣìṣẹ́ tí kò ní ìwé ẹ̀rí tó yẹ, ìwé àyẹ̀wò ọmọ tí kò sí, àkókò tó jọ pé kì í ṣe ìtọ́jú rárá: irú nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n rí. Àpẹẹrẹ 100 ni wọ́n yẹ̀ wò. Kò sí ọ̀kan tí wọn kò rí àbùkù tàbí ohun tó ń fura lára rẹ̀. A kò sọ pé olè ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ kàn jẹ́ aláìbìkítà bí àwọn ẹ̀gbọ́n wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi bíìlì èké ránṣẹ́ sí ìjọba, òfin lè ní kó san ìlọ́po mẹ́ta, pẹ̀lú ìtanràn lórí bíìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò ní ìwé ìlú sì mọ ohun mìíràn tó lè tẹ̀lé e.

Bí ẹ bá rí i pé Medicaid san ju bó ṣe yẹ lọ, ọjọ́ 60 ni òfin fún yín láti dá a padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa rí irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún ìwé wò: wákàtí mọ́kànlá tí wọ́n fi bíìlì ránṣẹ́ lé lórí lẹ́ẹ̀mejì. $550 ni. Nígbà tí kò sí $550 nílé, wọ́n dá a padà.

Ohun méjì mìíràn wà tí àwa Yorùbá kì í kà sí ẹ̀ṣẹ̀, tí òfin ibí sì kà sí i. Èkíní ni kí a fún ẹni tó bá mú ọmọ wá ní nǹkan. Nílé, ẹ kú iṣẹ́ lásán ni. Níbi tí owó ìjọba bá wà, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni láti san owó fún ẹni tó darí aláìsàn wá, ìbáà jẹ́ ẹni ìjọ yín, ìbáà jẹ́ káàdì ìtajà $100 fún òbí. Èkejì ni kí a sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe san ìpín tiwọn nínú owó ìtọ́jú, pé "ọmọ ìlú wa ni yín." Bí ìdílé kan kò bá ní, ẹ béèrè ẹ̀rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ ti ìdílé yẹn nìkan. Ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ ọmọ ẹnikẹ́ni lọ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, kódà láti fi gbàdúrà.

Ìbéèrè kan tí ẹ̀gbọ́n wa bi BCBA wọn ni pé, ṣé kò lè kọ wákàtí 40 fún gbogbo ọmọ ni? Obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọmọ kan wà tí wákàtí 30 kò pọ̀ fún, òmíràn wà tí 10 tó. A gbà pẹ̀lú rẹ̀. Iye wákàtí jẹ́ ti onímọ̀, kì í ṣe ti ẹni tó ni ilé. Ìlọsíwájú ọmọ ni adójútòfò ń wò kó tó tún àṣẹ ṣe, kò sì sí bí RBT ṣe lè dá a ṣe bí ilé kò bá bá a ṣe é.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tí kì í sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ omi, igbe ni. Ìyá àgbà rẹ̀ wá láti Nàìjíríà láti bá wọn tọ́jú ilé, ìyá àgbà kò sì lè fara da ẹkún. Kí igbe tó jáde tán, omi ti dé. Ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ láàárọ̀, ilé ń tú u palẹ̀ lálẹ́. BCBA ní kí ìyá àgbà wá síbi ẹ̀kọ́ òbí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa ṣe ògbufọ̀. Mama ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa wo ọmọ kó máa sunkún ni?" Wọ́n ní rárá, Mama, ẹ kàn gbé ife dání, kí ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọmọ náà na ọwọ́ sí ife. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ní "omi." Ní Yorùbá. RBT ọmọ Mẹ́síkò tó ń tọ́jú rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú àkọsílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, lọ́jọ́ náà gan-an, òun sì wà lára ẹ̀rí tí wọ́n fi bèèrè àṣẹ oṣù mẹ́fà mìíràn, tí wọ́n sì rí i gbà.

Oṣù méje lẹ́yìn irọ̀lẹ́ mẹ́ta wa, a padà lọ. Ọmọ mẹ́wàá náà ló ṣì wà. Nínú wákàtí 200, wọ́n ń ṣe 168. 164 ń di owó. Lórí $50 kan náà, ìyẹn $8,200. Wọ́n ń san owó RBT fún wákàtí 178, torí wọ́n ń sanwó fún wákàtí mẹ́wàá tí ọmọ kò wá: nǹkan bí $4,216 pẹ̀lú owó orí. Yọ owó BCBA àti owó ilé, ó ku $1,484 lọ́sẹ̀, níbi tí $84 ti wà tẹ́lẹ̀. Owó iná àti ìnṣọ́ránsì ń jáde nínú rẹ̀, gbèsè IRS ń jáde nínú rẹ̀, ìyàwó sì ń gba owó díẹ̀. Wọ́n ti mú ọmọ méjì kúrò lára orúkọ tó wà lára ògiri, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ bí RBT tuntun bá yege ìdánwò. Ẹ̀gbọ́n wa ṣì ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ́jọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ní títí gbèsè ilé yóò fi tán.